Àyè Tí Bàbá Mi Fi Sílẹ̀ Níwájú Ilé

Ogún ẹsẹ̀ bàtà ni bàbá mi fi sílẹ̀ láàárín ilé wa àti títì. Ní gbogbo àdúgbò wa, láàárín Dópémù àti Agége, kò sí onílé mìíràn tó fi ju ìbú gọ́tà sílẹ̀. Ìyá mi fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo sí àyè yẹn, kí wọ́n lè máa tajà lójú ilé ara wọn, bàbá mi kò sì gbà. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ. Bí ẹ bá gbọ́ ìbínú nínú rẹ̀, ẹ má dá mi lẹ́bi, nítorí láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń bínú, mi ò sì tíì ríbi sọ ọ́ kalẹ̀ sí.

Ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́ ní Ìkẹjà ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí fífa ẹ̀wọ̀n irin tí àwọn sọ̀fíyọ̀ fi ń wọn ilẹ̀, kí wọ́n tó di ẹni tó ń wọ ilé onílé lọ wò ó bóyá ohun tí onítọ̀hún kọ́ bá púláànì tí wọ́n lu òǹtẹ̀ fún un mu. Téèpù, ìwé ìkìlọ̀ àti agolo ọ̀dà pupa ni irinṣẹ́ wọn. Ilé tó bá rékọjá ààlà, wọn á fi ọ̀dà kọ àmì X sára rẹ̀, wọn á kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀, onílé á sì ní ọjọ́ méje láti fọwọ́ ara rẹ̀ wó o. Bí ọjọ́ bá pé tí kò wó o, àwọn òṣìṣẹ́ á kó òòlù ńlá dé. Nílé ìwé, àwọn ọmọ kan wà tí wọn kì í bá mi ṣeré. Mo mọ ìdí rẹ̀, mi ò sì lè bá wọn jà lórí rẹ̀.

Ibi tí bàbá mi fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà ni GRA Ìkẹjà. Mo rántí Sátidé kan tí wọ́n mú mi dání lọ síbẹ̀. A sọ̀ nínú bọ́ọ̀sì lójú títì ńlá, a rìn wọlé, nígbà tó ṣe díẹ̀ mi ò gbọ́ ariwo mọ́. Àwọn igi ti forí kanra lókè títì. Ilé wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn, koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ wà níwájú, igi òdòdó tí wọ́n rẹ́ lórí dọ́gbadọ́gba ni wọ́n fi ṣe ọgbà, kò sì ga ju àyà mi lọ. Ẹyẹ kan ń ké. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè gbọ́ igbe ẹyẹ kan ṣoṣo nílùú Èkó, kó sì mọ igi tó wà lórí rẹ̀.

"Wò ó," bàbá mi wí, "ṣé o rí i pé fèrèsé ẹnì kankan ò wo inú yàrá ẹlòmíràn? Àwọn èèyàn rò pé owó ló ṣe é. Owó kọ́. Òfin ni."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka òfin náà fún mi bí a ti ń rìn, bí àwa ọmọ ìjọ Aládùúrà ṣe ń ka sáàmù. Ilé ò gbọdọ̀ gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ ju pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lọ. Kò sí ògiri búlọ́ọ̀kù lójú títì, òdòdó ni kí onílé fi sọgbà. Igi tó bá ti dàgbà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé e láìgba ìwé. Kò sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọjà títà rárá, ìbáà ṣe epa. Iwájú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́ àyè ṣíṣófo. Orúkọ tí wọ́n ń pe àyè náà lọ́fíìsì ni sẹ́tíbáàkì, bàbá mi sì ń pe ọ̀rọ̀ yẹn bí ìgbà tí èèyàn ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé ta ló ṣòfin náà. Wọ́n ní òyìnbó ni. Wọ́n ní láyé àwọn òyìnbó, ibùgbé tiwọn nìkan ni, aláwọ̀ dúdú tí kì í bá ṣe kúùkù tàbí ẹni tó ń tọ́jú ọgbà kò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Wọ́n ní ìdí tí wọ́n tún fi fi àyè gbàgede sílẹ̀ láàárín ibùgbé wọn àti tiwa ni pé kí ẹ̀fọn tó bá ti jẹ wá má baà fò débẹ̀ lọ jẹ wọ́n. Bàbá mi rẹ́rìn-ín bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Títí dòní ni mo ń ronú nípa ẹ̀rín yẹn. Ẹni tí wọ́n ṣòfin torí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, tó wá gba òfin náà mọ́ra, tó ń rẹ́rìn-ín, kí la fẹ́ pè é?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ibẹ̀. N ò ní purọ́. Mo fẹ́ràn òjìji igi yẹn débi pé nígbà tí a padà dé Agége, tí mo rí òrùlé páànù tó kanra tí omi ìdọ̀tí ń ṣàn láàárín wọn, mo sunkún, ìyá mi sì rò pé ebi ló ń pa mí.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kọ́lé tiwọn, òfin yẹn ni wọ́n gbé wá sórí ilẹ̀ ọ̀hún. Ilẹ̀ kan péré ni, ọwọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ti rà á. Bíríkìlà ti kan èèkàn sí ẹ̀bá gọ́tà, bó ṣe máa ń kàn án fún gbogbo èèyàn. Bàbá mi dé, wọ́n fa gbogbo èèkàn náà tu, wọ́n na téèpù, wọ́n sún ìpìlẹ̀ lọ sẹ́yìn ní ogún ẹsẹ̀ bàtà, wọ́n tún fi mẹ́wàá mẹ́wàá sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Bíríkìlà náà dúró, ó gbé ọwọ́ sí bàdí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ fi ilé náà pamọ́ fún àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè ni?"

Yàrá mẹ́ta àti pálọ̀ kan ló kù tó lè wọ ibi tí òfin fi sílẹ̀ fún wa. Alájì tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún wa, ará Ìjẹ̀bú tó ń ta aṣọ, kọ́ yàrá méjìlá sórí ilẹ̀ tó bá tiwa dọ́gba, ó tún to ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin síwájú, ẹnu ọ̀nà wọn kan gọ́tà. Bàbá mi gbin igi furúntù méjì àti òdòdó pupa síwájú ilé tiwa, wọ́n sì ń fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ lórí ní gbogbo òwúrọ̀ Sátidé. Àwọn èèyàn ń sọ wọ́n lórúkọ, Bàbá Onísẹ́tíbáàkì. Bàbá mi rò pé wọ́n ń yin àwọn ni.

Ìyá mi ń ta mílíìkì, ṣúgà, bisikíìtì, sàdíìnì àti ọṣẹ ní Dópémù, lẹ́bàá títì, lábẹ́ agboòrùn. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ kí wọ́n tó jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Bí àwọn tó ń lé ọlọ́jà kúrò lójú títì bá dé, ìyá mi á gbá ọjà mọ́ra, wọ́n á sáré kọjá títì láàárín ọkọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọjà wọn. Ìgbà kan wà tí ìyá mi ṣubú tí orúnkún wọn sì wú fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi tó la ẹnu bẹ̀bẹ̀, èmi sì wà níbẹ̀, mo ń ṣa ìrẹsì.

"Bàbá àwọn ọmọ," ìyá mi wí, "ẹ jẹ́ kí n fi pákó kan ìsọ̀ kékeré kan síwájú ilé. Kò ní gbà ju ibi tí àga mẹ́rin á gbà lọ. Mi ò ní í fọwọ́ kan òdòdó yín."

"Ilé gbígbé ni wọ́n kọ sínú púláànì," bàbá mi dáhùn. "Kì í ṣe ilé ọjà."

"Ta ló máa wá wò ó ní Agége níbí?"

"Èmi."

Ìyá mi gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ọlọ́run. Wọ́n kọ ọ́ síwèé ẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbààwẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà alára ti kọ́ ìloro rẹ̀ jáde borí gọ́tà, bàbá mi kò sì jẹ́ dúró sábẹ́ ìloro yẹn láéláé. Bí òjò bá ń rọ̀ lẹ́yìn ìsìn, gbogbo ìjọ á wà lábẹ́ rẹ̀, bàbá mi á dá dúró nínú òjò pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Mo rò nígbà náà pé ìwà mímọ́ ni.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, bàbá mi sì lọ sí Ìjẹ̀bú fún ìsìnkú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n lò. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lọ, ìyá mi pe káfíńtà kan nínú ìjọ wa. Wọ́n ti ń dá èsúsú láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Káfíńtà náà lo ọjọ́ méjì àbọ̀, ó kan pákó, ó fi páànù bò ó, ó ṣe pẹpẹ mẹ́ta sínú rẹ̀, ìyá mi sì kun ún ní àwọ̀ búlúù fúnra wọn. Kò fọwọ́ kan òdòdó ẹnikẹ́ni. Ẹ̀bá géètì ni wọ́n gbé e sí, níbi tí koríko kì í tiẹ̀ hù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ṣọ́ọ̀bù yẹn jẹ́ fún mi. Mo ti ilé ìwé dé lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ìyá mi sì wà nílé. N ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n ní kí n lọ bọ́ aṣọ, kí n wá jẹun, bí ìyá àwọn ọmọ mìíràn ṣe máa ń sọ. Mo jẹun nínú ṣọ́ọ̀bù náà, mo jókòó sórí páálí mílíìkì, ìyá mi ń tajà, wọ́n ń dá àwọn oníbàárà lóhùn, wọ́n sì tún ń wò mí bí mo ti ń jẹun. Ohùn wọn yàtọ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìyá mi máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Bàbá mi dé lọ́jọ́ kẹsàn-án pẹ̀lú àpò wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, wọ́n wo ṣọ́ọ̀bù náà láti òkè délẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, olówó orí mi. Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Bàbá mi dáhùn, wọ́n wọlé lọ. Nígbà tí wọ́n jáde, agolo ọ̀dà pupa wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kọ X sára pákó búlúù náà, ó tóbi, wọ́n kọ ọjọ́ sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fa ìwé ìkìlọ̀ kan ya nínú ìwé iṣẹ́, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n nà án sí ìyá mi.

Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré ni. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí bàbá mi ní kí ìyá mi fọwọ́ síwèé pé wọ́n ti gbà á ni ẹ̀rín náà tó kú.

Fún ọjọ́ méje, ìlú ń bẹ̀bẹ̀. Àwọn alàgbà ìjọ wá. Alájì náà wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí tèmi ni? Ẹ bá kúkú wá kọ X sára tèmi ká mọ̀ pé òfin ni." Bàbá mi ní àwọn ti kọ ìwé nípa tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀gá àwọn lọ́fíìsì ni kò tíì bu ọwọ́ lù ú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ìyá mi kò nílò ìbuwọ́lù ọ̀gá kankan.

"Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde," bàbá mi wí fún àwọn alàgbà. "Bí mo bá fi tèmi sílẹ̀, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ nílé ẹlòmíràn? Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé."

Ìyá mi wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n ní, "Ẹ bá mi bi í, ẹ̀yin àgbà. Kí ni ìka tèmi ṣẹ̀?" 

Ọjọ́ pé. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì dé láti ọ́fíìsì, ojú ń tì wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ní orí ń fọ́ òun. Bàbá mi gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn gan-an ló fọwọ́ ara wọn bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti ìyá mi ti kó ọjà jáde, agolo mílíìkì lẹ́yìn agolo mílíìkì, a tò wọ́n sórí koríko. Pákó ò le bí búlọ́ọ̀kù, kò pẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìyá mi bu omi tútù fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, wọ́n bu fún bàbá mi pẹ̀lú. Obìnrin kan tó ń gbé nílé Alájì dúró lójú títì, ó pariwo pé ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bá. Bàbá mi mu omi wọn tán, wọ́n da ife padà.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá mi padà sí Dópémù.

Mo bi wọ́n nígbà kan, mo ti lé ní ogún ọdún nígbà náà, pé kí ló dé tí wọn ò fi kó jáde nílé bàbá mi. Wọ́n ní, "Bàbá rẹ kì í ṣe ìkà. Ì bá sàn kó jẹ́ ìkà, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe sí i."

Ohun tó mú kí inú mi máa gbóná jù ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà ní gbogbo àsìkò yẹn. Allen Avenue, tí bàbá mi máa ń sọ pé ilé gbígbé ló pọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, di báńkì àti hòtẹ́ẹ̀lì. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn wọ́n tó ti GRA. Ọ̀kan-ò-jọ̀kan ìwé ìkìlọ̀ ni wọ́n kọ sí àwọn ọlọ́lá ibẹ̀: ẹni tó mọ ògiri tó ga ju ojú fèrèsé lọ, ẹni tó gé igi, ẹni tó sọ pálọ̀ di ibi ayẹyẹ. Ìdí dúrọ́ọ̀ ọ̀gá ni gbogbo ìwé náà sùn sí. Nígbà tí bàbá mi ò yéé kọ ọ́, ọ̀gá gbé wọn lọ sí yàrá fáìlì, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Òfin náà ní ojú méjì, èyí tó fi ń wo Agége là kedere, èyí tó fi ń wo Ìkẹjà ti fọ́.

Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì wọn, mo bá wọn lọ sí Ìkẹjà lọ́jọ́ kan torí ìwé kan tí wọ́n fẹ́ gbà. Wọ́n ní kí a gba inú GRA kọjá. A dé ibi ilé kan tí wọ́n mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ilé náà ti lọ, gíláàsì alájà márùn-ún ló wà níbẹ̀, ó kan ògiri lọ́tùn-ún, ó kan ògiri lósì. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wọn àyè tó wà láàárín ògiri àti títì. Wọ́n ka ẹsẹ̀ mẹ́ta. Máígàdì jáde.

"Bàbá, ta lẹ ń wá?"

"Mi ò wá ẹnikẹ́ni. Mo ń wò ó ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, ọ̀gá ò fẹ́ kéèyàn dúró síbí."

Mo rò pé inú mi máa dùn. Mo ti ń retí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wó ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Ṣùgbọ́n bí mo ti rí ọrùn wọn lẹ́yìn, tó tínrín nínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, n ò rí ìdùnnú kankan. Ìyẹn náà tún bí mi nínú. Mo di apá wọn mú, a wá ọkọ̀ lọ sílé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, àwọn tó fẹ́ fẹ títì dé àdúgbò wa. Wọ́n ní gbogbo iwájú ilé lọ́tùn-ún lósì ló máa lọ. Àwọn tó wá kọ ohun ìní sílẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, wọ́n ń fi fóònù ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Alájì, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ìsọ̀ bàtà òdìkejì, wọ́n kọ ọ́. Ìloro ṣọ́ọ̀ṣì wa, wọ́n kọ ọ́. Gbogbo ohun tó tàpá sófin fún ogójì ọdún ló wọ inú ìwé, tí olúwa rẹ̀ sì máa gba owó gbà-má-bínú. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ wa. Bàbá mi ti múra, wọ́n wọ kóòtù, wọ́n kó púláànì tó ní òǹtẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n ṣí i sórí ilẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí ogún ẹsẹ̀ bàtà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi sùúrù gbọ́ wọn. Ó wo koríko, ó wo igi furúntù.

"Bàbá, mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ nìjọba ń san owó rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ti ìjọba ni. Kí lẹ kọ́ síbẹ̀?"

"Mi ò kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Òfin ló ní kí n má kọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, sà. Baba, grass no be structure o."

Alájì, tó ti di arúgbó tó ń tẹ̀pá, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní wọ́n ṣì ń padà bọ̀ lọ́jọ́ Ajé láti wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ó ní kí n ra pákó, kí n kan nǹkan kan sí i, pé gbogbo ayé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún bàbá mi. Mo mọ èsì wọn kí n tó sọ ọ́. Mo wo ojú ìyá mi, mo rò pé lẹ́ẹ̀kan yìí wọ́n á sọ̀rọ̀. Ìyá mi ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Ta ló fẹ́ tajà nínú rẹ̀ nísinsìnyí?" Ẹsẹ̀ ìyá mi méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fi ń rìn láti yàrá dé ilé ìwẹ̀.

Wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Wọ́n hú igi furúntù méjèèjì. Àwọn tó gbowó fi owó wọn kọ́lé sí Abúlé Ẹ̀gbá. Ní tiwa, títì wá dé ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí ògiri pálọ̀, eruku àti ariwo ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè jókòó síbẹ̀ mọ́. Èmi àti àwọn àbúrò mi pinnu láti yá pálọ̀ náà fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi kò jà. Wọ́n kàn béèrè bóyá a ti gba ìwé àṣẹ láti yí ilé gbígbé padà sí ilé ọjà. Mo ní a ti gbà á. Irọ́ ni mo pa.

Ọmọbìnrin kan ló yá a, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún tàbí márùndínlọ́gbọ̀n, ó ń ta mílíìkì, ṣúgà, indómì àti omi inú ọ̀rá. A dá ògiri lu, a fi ilẹ̀kùn irin sí i. Ẹ̀yìn pẹpẹ rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó wọ inú ilé wa wà, bàbá mi sì máa ń jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn lórí àga onírọ̀gbọ̀kú wọn, torí ibẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn kù sí.

Mo wà níbẹ̀ ní oṣù tó kọjá nígbà tí ìyá mi fi ọ̀pá wọn rìn wọ inú ṣọ́ọ̀bù náà láti ẹ̀yìn, wọ́n fẹ́ ra mílíìkì tí wọ́n á fi mu tíì. Wọ́n rà á ní iye tí gbogbo èèyàn ń rà á. Lẹ́yìn náà wọn ò lọ. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo pẹpẹ. Wọ́n ní kí ọmọ náà gbé ṣúgà kúrò nísàlẹ̀ torí èèrà, kó gbé ọṣẹ jìnnà sí bisikíìtì kí òórùn rẹ̀ má baà wọ̀ ọ́, kó sì to mílíìkì síwájú níbi tí ọmọdé tó ń ti ilé ìwé bọ̀ á ti rí i. Ọmọ náà ń tò ó bí wọ́n ti ń sọ. Ó yí padà, inú rẹ̀ dùn.

"Màmá, ẹ mọ̀ ọ́n o! Ṣé ẹ ti ní ṣọ́ọ̀bù rí ni?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá bi ìyá mi ní ìbéèrè yẹn, ní Dópémù, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún un: àwọn ní ọ̀kan rí, ìjọba ló wó o. Mo ti gbọ́ ọ títí ó fi sú mi. Kò sí ìgbà kan tí wọ́n dárúkọ bàbá mi mọ́ ọn.

Ìyá mi fi ọwọ́ kan pákó pẹpẹ náà.

"Mo ní ọ̀kan," wọ́n wí. "Ọkọ mi ló wó o."

Bàbá mi wà lẹ́yìn wọn lórí àga, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ. Wọ́n gbọ́. Wọ́n gbé ojú sókè wo ọmọ náà.

"Òótọ́ ló sọ," bàbá mi wí.

Ọmọbìnrin náà wo ìyá mi, ó wo bàbá mi, ó bú sẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹnu ara rẹ̀ mú. Ó ní àwọn arúgbó yìí mọ àwàdà jù. Ìyá mi gba agolo mílíìkì wọn, wọ́n rọra yí ọ̀pá wọn padà, ẹsẹ̀ bàbá mi sì wà lójú ọ̀nà, wọ́n ní kí bàbá mi ká a kúrò kí àwọn lè kọjá.